Bí a ṣe ń ṣètò iná sí ọgbà àti àyíká ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ fi iná sí àyíká ilé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtajà: wọ́n á ra gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù lọ, wọ́n á kàn án mọ́ igun ilé, wọ́n á tàn án, wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, gílóòbù náà nìkan ni ojú ń rí. Igi, òdòdó àti ọ̀nà tí wọ́n torí rẹ̀ ra iná ti sọnù sínú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà tí ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé lórí kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ni kí ojú máa rí, kí orísun ìmọ́lẹ̀ náà fara pamọ́. Ẹni tó bá di ìlànà yìí mú yóò rí i pé iná tí òun nílò kéré sí iye tí òun kọ́kọ́ rò.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi òru wo ọgbà náà

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yan alẹ́ kan tí òṣùpá kò sí, kí ẹ pa gbogbo iná ìta, kí ẹ sì jáde. Ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpinnu kankan, nítorí pé ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná yàrá nílò àkókò bẹ́ẹ̀ kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé yí padà, kí ẹ sì máa kíyè sí ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń lọ́ra. Ibẹ̀ gan-an ni iná ti jẹ́ kòṣeémánìí: orí àtẹ̀gùn, etí gọ́tà, ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tí ọ̀nà ti yà lójijì. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń gbà kọjá láìṣiyèméjì kò nílò iná púpọ̀, bó tilẹ̀ ṣókùnkùn.

Ẹ wá wọlé, ẹ tan iná yàrá ìgbàlejò, kí ẹ sì gba ojú fèrèsé wo ìta. Bí ìta bá ṣókùnkùn biribiri, ara yín àti àga tó wà nínú yàrá lẹ óò máa rí, nítorí pé gíláàsì máa ń di dígí nígbàkígbà tí inú ilé bá mọ́lẹ̀ ju ìta lọ. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lára igi tàbí ògiri tó wà ní ọ̀ọ́kán fèrèsé náà ti tó láti jẹ́ kí ojú ríran kọjá gíláàsì. Mo ka èyí sí èrè tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kì í rántí rẹ̀. Àkókò tí à ń lò nínú ilé lálẹ́ pọ̀ ju èyí tí à ń lò níta lọ, nítorí náà láti ojú fèrèsé ni a ó ti máa wo ọgbà jù.

Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sórí bébà kan. Kò pọn dandan kó rẹwà, àmọ́ ilé, ògiri ọgbà, àwọn igi ńlá, ọ̀nà, àtẹ̀gùn, ibi ìjókòó, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ibi tí iná mànàmáná ti lè jáde láti inú ilé gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra ní mítà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ óò nílò ìwọ̀n náà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan wáyà.

2. Ẹ pinnu iṣẹ́ tí iná kọ̀ọ̀kan yóò ṣe

Iná ìta lè wà fún ìrìn, fún ìjókòó, fún ààbò tàbí fún ẹwà. Àṣìṣe ni láti wá iná kan ṣoṣo tí yóò ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ ni èkejì ń sá fún.

Iná ìrìn kò gbọ́dọ̀ ga ju orúnkún lọ, ó sì yẹ kó ní ìbòrí tí yóò darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba, ọ̀nà náà yóò dà bí ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí. Ó sàn kí ẹ fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún, kí ẹ rìn tó mítà méjì tàbí mẹ́ta síwájú, kí ẹ tó fi òmíràn sí apá òsì. Ní ti àtẹ̀gùn, etí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ má ṣe gbára lé iná gíga tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, nítorí pé òjìji onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ni yóò bo ibi tó fẹ́ tẹ̀.

Iná ìjókòó ń fẹ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí tábìlì àti sára ògiri tàbí ewé tó yí àwọn tó jókòó ká, kó má ṣe bọ́ sí wọn lórí tààrà, nítorí pé iná tó wà lókè orí ń fi òjìji sí ìsàlẹ̀ ojú, ó sì ń sọ ẹni tó fani mọ́ra di òkú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ iná ààbò ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Èrò tó gbòde ni pé bí iná bá ṣe lágbára tó ni ilé ṣe láàbò tó. Àmọ́ ojú kì í ríran bẹ́ẹ̀. Bí iná líle bá ta sí ojú, ihò dúdú àárín ẹyin ojú yóò sún kì, gbogbo ibi tí iná náà kò dé yóò sì dúdú ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó dúdú yẹn gan-an ni ẹni ibi lè dúró sí. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò: ẹ dúró ní ẹnu géètì lálẹ́, kí ẹ kọjú sí iná ààbò tí ẹ ní lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ sì na àtẹ́lẹwọ́ sókè láti fi bo gílóòbù náà lójú yín. Bí ẹ bá rí ohun tó wà lẹ́yìn iná náà dáadáa sí i nígbà tí ẹ bo gílóòbù, a jẹ́ pé iná náà ń di yín lójú ni. Ẹ yí ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ìbòrí sí i, tàbí kí ẹ fi méjì tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní ibi méjì tí ó yàtọ̀ síra, kí òjìji tí ọ̀kan dá sílẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀ láti ara èkejì.

Ní ti ẹwà, ẹ má ṣe yan ju ohun mẹ́ta lọ láti ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ óò ti máa wo ọgbà: ó lè jẹ́ igi kan, ògiri òkúta kan àti ìkòkò òdòdó ńlá kan. Òkùnkùn tó wà láàárín wọn wà lára iṣẹ́ náà. Ọgbà tí gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà máa ń rí pẹrẹsẹ bí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

3. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì dán an wò

Ìgbésẹ̀ yìí kò ná ni lówó, síbẹ̀ òun ló ń gba ni lọ́wọ́ àṣìṣe jù. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára díẹ̀, kí ẹ bẹ ẹnì kan kó máa gbé wọn kiri bí ẹ bá ṣe ní kó ṣe é, kí ẹ̀yin sì dúró síbi tí ẹ óò ti máa wo ọgbà náà gan-an, yálà lójú fèrèsé tàbí lórí àga ìta.

Ẹ ní kó gbé tọ́ọ̀ṣì sí ìdí igi, kó kọjú rẹ̀ sókè. Èèpo igi náà, bó ṣe rí ṣákaṣàka, yóò yọ síta, ìtì rẹ̀ yóò sì dà bí òpó. Kó wá sún tọ́ọ̀ṣì kúrò ní ìdí igi ní ìwọ̀n mítà kan, lẹ́yìn náà mítà méjì: bó bá ṣe ń jìnnà sí i ni ewé òkè ń gba ìmọ́lẹ̀ sí i, tí ìtì igi sì ń pàdánù òjìji tó jẹ́ kó yọ. Kò sí èyí tó burú. Igi tí ìtì rẹ̀ lẹ́wà ń fẹ́ iná nítòsí, igi tí ẹ̀ka àti ewé rẹ̀ lẹ́wà ń fẹ́ ẹ ní ọ̀ọ́kán. Ẹ rántí pé bí ìjìnnà iná bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ló ń dé ibẹ̀, kì í ṣe ìdajì.

Kó tún lọ sí ẹ̀yìn igi, kó tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi náà yóò di dúdú, àwòrán rẹ̀ yóò sì hàn kedere lára ògiri tó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀ fún igi tí ewé rẹ̀ ṣọ́wọ́n, ó sì ń bo àbùkù ìtì igi tó ti gbọgbẹ́.

Bí ẹ bá ní igi ńlá tó ṣeé gùn, ẹ fi àkàbà gbé tọ́ọ̀ṣì sórí ẹ̀ka tó ga, kó kọjú sílẹ̀ gba àárín ewé kọjá. Òjìji ewé yóò tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ìgbà tí òṣùpá bá lé, yóò sì máa mì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè bọ̀ ni ojú wa mọ̀ láti ìgbà tí a ti dáyé, tí gílóòbù rẹ̀ sì pamọ́ pátápátá.

Ní ti ògiri, bí iná bá sún mọ́ ọn tó ìwọ̀n 15 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo gegele àti kòtò ara rẹ̀ ni yóò hàn. Ohun tí a ń wá nìyẹn lára ògiri òkúta, àmọ́ ìtìjú ni lára ògiri sìmẹ́ǹtì tí wọn kò rẹ́ dáadáa. Bí ògiri yín bá jẹ́ irú ti ìkẹyìn yìí, ẹ fa iná sẹ́yìn tó mítà kan.

4. Ẹ yan gílóòbù

Wáàtì ń sọ iná tí gílóòbù ń jẹ. Lumen ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì ń mú nǹkan bí lumen 800 jáde, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù LED tó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 8 sí 10 ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Fún iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, lumen 100 sí 200 tó. Igi tí kò ga ju mítà mẹ́fà lọ ń fẹ́ nǹkan bí 300 sí 500. Iná ààbò tó ń tàn nígbà tí ènìyàn bá kọjá lè wà láàárín 700 sí 1,300. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú èyí tó kéré.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni a ń fi kelvin wọ̀n. Èyí tó jẹ́ 2,700 sí 3,000 ń pupa rúsúrúsú bí iná fìtílà, òun ló sì yẹ ọ̀pọ̀ ọgbà. Láti 4,000 lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ ń funfun. Nígbà tó bá fi máa dé 6,500, ó ti ní àwọ̀ búlúù nínú, ewé yóò sì máa rí bí ohun tó kú. Búlúù inú ìmọ́lẹ̀ yìí ló tún ń fa kòkòrò jù, èyí tó jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kó wà níbi tí ènìyàn yóò jókòó sí. Ẹ má ṣe da àwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ níbi kan náà. Bí òdòdó bá pọ̀ nínú ọgbà, ẹ wo iye CRI tó wà lára páálí gílóòbù, nítorí pé òun ló ń sọ bí àwọ̀ nǹkan yóò ṣe hàn sí: 80 kò burú, 90 dára jù ú lọ.

Ẹ wo ìfẹ̀ ìtànṣán pẹ̀lú. Láti ibi tó jìnnà tó mítà márùn-ún, iná oní dígírì 15 ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó fẹ̀ tó mítà 1.3, ti dígírì 36 ń fẹ̀ tó mítà 3.2, ti dígírì 60 sì ń tó mítà 5.8. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kò nílò ìtànṣán fífẹ̀. Èyí tó bá kọjá ara rẹ̀ yóò lọ sójú ọ̀run tàbí sínú yàrá aládùúgbò.

5. Ẹ mọ ibi tí agbára iná yóò ti wá

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: iná ilé tààrà, iná oní 12 fọ́ọ̀tì (V) tó ń gba inú tírànsífọ́mà, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná ilé kù, kọjá, àti iná sólà.

Iná ilé tààrà lè pa ènìyàn, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ náà yanjú. Kí ẹ rí i dájú pé ó fi bíréékà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò sí i, irú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 30 mA (mílíáńpìà), àti pé wáyà tó máa gba abẹ́ ilẹ̀ wà nínú páìpù tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin dì lára, kó sì wọlẹ̀ tó ìwọ̀n 60 sẹ̀ǹtímítà tàbí ohun tí òfin àdúgbò bá béèrè.

Oní 12 fọ́ọ̀tì ni mo máa ń gba àwọn tó fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe é nímọ̀ràn, nítorí pé ewu rẹ̀ kéré, wíwọlẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sì tó fún wáyà rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé agbára ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí àpapọ̀ iná yín bá jẹ́ wáàtì 60, iná tó ń ṣàn nínú wáyà jẹ́ áńpìà 5 (60 tí a fi 12 pín). Bí wáyà bàbà oní 2.5 mm² (ìyẹn bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó) bá gùn tó mítà 30 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn gílóòbù, fọ́ọ̀tì tó lé díẹ̀ ní 2 yóò ti sọnù, èyí tó dé ìparí kò sì ní pé 10. Ìdí nìyẹn tí iná tó jìnnà fi ń ṣe bàìbàì tí èyí tó wà nítòsí sì ń dán. Bí ẹ bá lo wáyà oní 4 mm², ohun tó sọnù yóò dín sí nǹkan bí 1.4. Èyí tó tún dára ni kí ẹ pín àwọn iná náà sí ọ̀nà méjì láti ọ̀dọ̀ tírànsífọ́mà, wáàtì 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: àdánù ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò di ìdajì láìpààrọ̀ wáyà 2.5 náà. Ẹ má sì di ẹrù tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ru tírànsífọ́mà. Iná wáàtì 60 ń fẹ́ tírànsífọ́mà tí kò kéré sí 75.

Iná sólà kò ní wàhálà wáyà, ṣùgbọ́n ó ní ìtakora kan nínú: abẹ́ igi tí a ti ń fẹ́ iná ni oòrùn kì í dé. Ẹ ra irú èyí tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yàtọ̀ sí gílóòbù, kí ẹ lè gbé pánẹ́ẹ̀lì sínú oòrùn kí ẹ sì fa wáyà wá sábẹ́ igi. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, nítorí pé bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn kéékèèké tí a ń gún mọ́lẹ̀ wúlò láti fi júwe ọ̀nà. Ẹ má retí pé kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí igi.

6. Ohun tí yóò fara da òjò

Ẹ wá àmì IP lára páálí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró fún eruku, èkejì fún omi. IP44 ń fara da omi tó ta sí i, ó sì tó fún abẹ́ òrùlé. IP65 ń fara da omi tí a fọ́n sí i, òun ló yẹ ibi tí òjò ti ń pa á. IP67 lè wà lábẹ́ omi fún ìgbà díẹ̀, ó sì yẹ iná tí a rì mọ́lẹ̀. Inú adágún omi ń fẹ́ IP68. Idẹ àti bàbà ń pẹ́. Létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ alumíníọ̀mù tí ọ̀dà ara rẹ̀ bá ti bó.

Síbẹ̀, ibi tí wáyà ti so pọ̀ ni iná ọgbà ti sábà máa ń bàjẹ́. Téèpù dúdú lásán kò lè dá omi dúró. Ẹ lo ohun ìsopọ̀ tó ní gírísì nínú tàbí àpótí kékeré tí omi kò lè wọ̀.

7. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó sin wáyà

Ẹ to gbogbo iná sí ipò wọn, ẹ so wáyà pọ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Mo ti fi ìwàǹwára sin wáyà tán lọ́sàn-án rí. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, mo rí i pé iná tó dára jù nínú wọn ń wọ yàrá ìbùsùn aládùúgbò mi tààrà, mo sì tún ilẹ̀ náà gbẹ́. Ẹ rìn káàkiri, ẹ jókòó níbi tí àlejò yóò jókòó sí, ẹ tún wo ojú fèrèsé. Níbikíbi tí gílóòbù bá ti hàn sí ojú, ẹ yí i, ẹ fi ìbòrí sí i, tàbí kí ẹ gbé e sẹ́yìn òkúta tàbí igbó kékeré. Ìgbà tí kò bá sí èyí tó ń ta sójú mọ́ ni kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ fi wáyà bíi mítà kan ṣẹ́kù ní ìdí iná kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa ibi tí wáyà gbà sórí àwòrán yín, kí ọkọ́ má baà gé e lọ́jọ́ iwájú.

8. Títan àti pípa

Ohun tó ń mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ iná tó ń darí kò dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tan iná, yóò rò pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò pa á, yóò tún tàn án, títí di òwúrọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń fura sí ìrìn yẹ kó ga tó mítà méjì sí mẹ́ta. Ooru ara tó ń rìn ló ń fura sí, ó sì ń tètè rí ẹni tó ń dábùú iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ. Nítorí náà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Iná ẹwà kò ní ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ẹ fi aago pa á ní nǹkan bí agogo 11 alẹ́. Ẹyẹ, àdán àti kòkòrò nílò òkùnkùn bí a ṣe nílò oorun.

9. Ìtọ́jú

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ nu eruku kúrò lójú gíláàsì àti pánẹ́ẹ̀lì sólà, kí ẹ sì gbá ewé àti òwú aláǹtakùn kúrò. Lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, ẹ tún rìn yí ọgbà ká lálẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé igi kì í dúró sójú kan: ẹ̀ka tó kéré nígbà tí ẹ fi iná sí i lè ti bo gílóòbù, ìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ti nípọn débi tí ìtànṣán dígírì 15 kò fi ká a mọ́. Iṣẹ́ tí mítà wáyà tí ẹ ṣẹ́kù wà fún nìyẹn. Ẹ sún iná náà sẹ́yìn.